Bí a ṣe ń fi ohun tí ènìyàn ní lọ́wọ́ tọ́jú ọkàn rẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn olùdámọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn pásítọ̀, àwọn àfáà, àti àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, tí àwọn ènìyàn máa ń gbé ẹ̀dùn wọn tọ̀ wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a ó dà pọ̀. Èkíní ni ìtọ́jú tí ó gbé ara lé ohun tí ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tí ó ti là kọjá, àti àwọn ènìyàn tí ó yí i ká, dípò kí ó gbé ara lé àbùkù rẹ̀ nìkan. Èkejì yá ọgbọ́n lára hypnosis, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti kó ọkàn rẹ̀ jọ sí ojú kan, kí ara rẹ̀ rọ̀, kí ó sì lè lo ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Milton Erickson, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1901 tí ó sì kú ní ọdún 1980, ni a lè pè ní gbòǹgbò ọ̀nà méjèèjì. Ó wà ní ọmọ ọdún 17 nígbà tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ tí kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀. Orí ibùsùn náà ni ó ti ń wo àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, tí ó sì ń kíyè sí bí ọmọ náà ṣe ń gbé ẹsẹ̀, títí òun náà fi tún rìn. Ní ọdún 1978, Steve de Shazer àti Insoo Kim Berg, tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya, dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní ìlú Milwaukee pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n mú nínú ọgbọ́n Erickson, wọ́n fi hypnosis fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì sọ ìyókù di àwọn ìbéèrè kúkúrú tí a ó rí níwájú. Ẹ má sì rò pé àlejò pátápátá ni èrò yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aro ká ní Abẹ́òkúta, tí mọ̀lẹ́bí kọ̀ọ̀kan ń bá ènìyàn rẹ̀ gbé níbẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹbí, oko àti àwùjọ jẹ́ apá kan nínú òògùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ yanjú kí a tó lọ. Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn níbí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè mú ọkàn ẹni rọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni gbètugbètu tàbí àfọ̀ṣẹ, tàbí ìròyìn àwọn gbájúẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kan ènìyàn ní ibùdókọ̀ tí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó owó fún wọn. Ẹ má fi ìbẹ̀rù yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi pa mọ́. Ẹ ṣàlàyé pé nínú hypnosis, ẹni náà ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ó lè kọ èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lè la ojú kí ó dìde nígbàkigbà. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tí ó sọ nǹkan yìí ní orúkọ ní àwọn ọdún 1840, ti fi yé àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ pé kò sí agbára kankan tí ó ń jáde lára oníṣègùn wọ inú aláìsàn. Ìfọkànsí ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún un ní ọ̀nà yẹn, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Àwọn tí kò yẹ kí ẹ fi ọ̀nà yìí tọ́jú

Bí ẹni tí ó wá bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí ó bá gbà pé gbogbo ayé ń lépa òun, bí ó bá ti ń lo òru mélòó kan láìsùn síbẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ àsọjù tí ó sì ń ná owó ní ìnákúnàá, tàbí bí ó bá jẹ́ abiyamọ tuntun tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ. Hypnosis lè mú kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú bẹ́ẹ̀ burú sí i. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Yunifásítì Bowen tí àwọn àgbàlagbà ṣì mọ̀ sí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi náà wà. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó ń lo òògùn dókítà gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ. Ẹni tí orí ń fọ́, tí àyà ń já, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò fún un kí ẹ tó sọ pé ìrònú ni.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ikú ní tààràtà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń bẹ̀rù pé bí a bá béèrè, a ó kọ́ ẹni náà ní ohun tí kò rò, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà máa ń jẹ́ kí ẹni tí ó ti ń dá ẹrù yẹn gbé rí ẹni bá a sọ ọ́. Fún àgbàlagbà, ẹ lè sọ pé, “Ẹ forí jì mí, Màmá, mo fẹ́ béèrè ohun kan tí ó wúwo. Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín?” Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì ti ní ọ̀nà tàbí ọjọ́ lọ́kàn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ ní kí ẹni tí ó fọkàn tán nínú ẹbí wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó òògùn kòkòrò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí wọ́n ń lù nílé. Èmi kò fara mọ́ bí àwọn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ okun inú bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń yin obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù pé ó ní ìfaradà, ẹ ti darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù. Okun tí ẹ ó bá a wá ni èyí tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Agbo ilé kì í ṣe ibi àṣírí: ìyá ọkọ ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri, ọmọdé ń sáré wọlé sáré jáde. Ẹ wá yàrá ọ́fíìsì kan, tàbí kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jókòó, ilẹ̀kùn tí a fi sílẹ̀ ní ìdajì, tí ènìyàn sì wà ní ọ̀ọ́kán, kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ sọ bí àkókò yóò ti pẹ́ tó. Ìṣẹ́jú 50 tó. Ẹ sọ pé ohun tí ẹ bá gbọ́ kò ní jáde àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ẹ má fi ìkíni ṣe ohun tí a ń sáré kọjá. Nínú ìkíni ni ẹ ó ti gbọ́ ẹni tí ó wà nílé, ẹni tí ó rìnrìn àjò, iṣẹ́ tí ó dúró àti èyí tí ó ń lọ, ohun tí ènìyàn fi ń yangàn àti ohun tí ó fò kọjá.

Fún àpẹẹrẹ wa láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tí kò sí níbì kankan àfi nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, láfún ni ó ń tà, ọkọ rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ni oorun kò ti wá dáadáa, kò sì lọ sí ọjà mọ́.

Etí tí ń gbọ́ ìrora àti etí tí ń gbọ́ okun

Ẹ jẹ́ kí ó sọ ìrora rẹ̀ tán. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà yìí ni kí olùdámọ̀ràn kánjú wá ohun rere nígbà tí omijé ṣì ń bọ́. Wọ́n á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ẹ̀yin nìkan kọ́,” tàbí “Ọlọ́run ló mọ ìdí,” ọ̀rọ̀ rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè wọlé, wọ́n ń pa ẹni náà lẹ́nu mọ́ ni. Ẹ máa mi orí, ẹ máa sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, kí ó mọ̀ pé ẹ gbọ́.

Nígbà tí etí kan ń gbọ́ ìrora, kí etí kejì máa gbọ́ nǹkan mìíràn. Kí ni ẹni yìí ṣì ń ṣe láìka ìbànújẹ́ sí? Ta ni ó ń dárúkọ pẹ̀lú ohùn tí ó rọ̀? Kí ni ó gbàgbọ́? Iṣẹ́ wo ni ó mọ̀ débi pé ojú rẹ̀ ń tàn bí ó bá ń sọ ọ́? Ìyá yìí lè sọ, bí ẹni tí kò sọ nǹkan, pé òun ṣì ń jí ní ìdájí láti se oúnjẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ òun kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn ṣubú sílẹ̀. Ẹ má sì sọ pé, “Akíkanjú ni yín, Màmá,” nítorí ìyìn òfìfo kì í wọ etí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ bi í léèrè pé, “Ẹ ní oorun kì í wá, ó rẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ ń jí se oúnjẹ fún wọn. Báwo ni ẹ ṣe ń rí i ṣe?” Ìdáhùn ni yóò sọ okun náà jáde láti ẹnu òun fúnra rẹ̀, èyí tí ó bá sì ti ẹnu ẹni jáde ni ẹni náà máa ń gbà gbọ́.

A ní ohun kan tí àwọn ará Milwaukee kò ní, ìyẹn oríkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìyá tàbí ìyá àgbà ń fi oríkì jí ní kékeré. Ẹ lè béèrè pé, “Ta ni ó máa ń kì yín? Kí ni wọ́n máa ń sọ tí orí yín máa ń wú?” Nínú ìdáhùn ni ẹ ó ti gbọ́ irú ènìyàn tí ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí kí wàhálà tó dé. Ẹ kíyè sára: àwọn kan wà tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ apá kan nínú oríkì ilé wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ sí ìtàn ẹbí. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ní ẹni tí ó padà láti Gánà ní ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. “Báwo ni bàbá yín ṣe tún ayé rẹ̀ ṣe nígbà yẹn? Èwo nínú ìwà rẹ̀ ni ẹ jogún?” jẹ́ ìbéèrè tí ó lè gba ìdajì àkókò yín, kò sì ní jẹ́ àkókò tí ó ṣòfò.

Ìgbà tí ó sàn díẹ̀

Kò sí ìṣòro tí ó le bákan náà ní gbogbo wákàtí. Ẹ béèrè ìgbà tí ó rọ̀: “Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, òru wo ni oorun wá díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ? Kí ni ó yàtọ̀ ní ọjọ́ náà?” Bí ìyá wa bá ní òru tí ọmọ-ọmọ òun sùn sí yàrá òun ni, ẹ ti rí nǹkan. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ẹ béèrè pé ta ni ó ṣètò rẹ̀, kí ni wọ́n jọ sọ kí wọ́n tó sùn, ṣé ó ṣeé tún ṣe.

Ìbéèrè ọ̀la

De Shazer àti Berg máa ń ní kí ènìyàn rò ó pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ lóru tí ìṣòro rẹ̀ sì tán. Ní ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, tí mọ́sáláásí sì pọ̀ ní àdúgbò gbogbo, bí ẹ bá dárúkọ iṣẹ́ ìyanu, àdúrà ni ẹ ó gbọ́: “Àmín, ní orúkọ Jésù,” tàbí “Àmín, Ọlọ́run á ṣe é.” Kò burú, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti kú. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kí ẹ fi iṣẹ́ ìyanu sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ báyìí, ní ohùn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìdánudúró láàárín gbólóhùn:

“Màmá, ẹ ó lọ sílé lónìí, ẹ ó jẹun, ilẹ̀ yóò ṣú, ẹ ó sùn. Ká ní bí ẹ ti ń sùn, nǹkan tí ó gbé yín wá síbí yìí yanjú, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀, nítorí ẹ ń sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kíyè sí tí ẹ ó fi mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀?”

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń ni olùdámọ̀ràn tuntun lára, ó sì máa ń fẹ́ fi àpẹẹrẹ kún un. Kí ó mú sùúrù. Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ “Ọkọ mi á wà láàyè,” ẹ má sá fún un, ẹ gbà pé ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé, “Bí òun bá ń wò yín ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ni inú rẹ̀ máa dùn láti rí i pé ẹ ń ṣe?” Bí ó bá jẹ́ “Ọkàn mi á balẹ̀,” ẹ béèrè pé, “Bí ọkàn yín bá balẹ̀, kí ni ọwọ́ yín máa ṣe?” Ohun tí ẹ ń wá ni ìṣe tí ojú lè rí: ó máa ṣí fèrèsé, ó máa yọ láfún síta wò, ó máa pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọjà lórí fóònù. Ẹ wá béèrè nípa àwọn ẹlòmíràn: “Nínú ilé, ta ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ẹ ti yàtọ̀? Kí ni yóò sọ?” Ní agbo ilé, ìbéèrè yìí máa ń so èso púpọ̀, nítorí ojú àwọn ará ilé kì í fo nǹkan kan. Ìbéèrè tí ó parí rẹ̀ ni èyí: “Èwo nínú gbogbo èyí ni ó ti ṣẹlẹ̀ díẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ní ọ̀sẹ̀ yìí?”

Òsùwọ̀n láti odo sí mẹ́wàá

Ẹ ní kí ó fi nọ́ńbà sọ ibi tí òun wà, kí odo jẹ́ ìgbà tí ó burú jù, kí mẹ́wàá jẹ́ òwúrọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe. Fún ẹni tí nọ́ńbà lásán kò bá nǹkan kan sọ fún, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ kí ó fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá dúró ní mẹ́ta, má ṣe béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ márùn-ún. Béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ oókan. Lẹ́yìn náà ni kí o tó béèrè ohun tí mẹ́rin yóò fi yàtọ̀ sí mẹ́ta.

Apá tí a yá lọ́wọ́ hypnosis

Ẹ má gbìyànjú apá yìí ní ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ má sì ṣe é fún ẹlòmíràn títí ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi ṣe é fún yín, tí ẹ ó sì ti ṣe é lábẹ́ ojú rẹ̀. Lílo hypnosis fún ìrora, fún inú tí ń dàrú nítorí àníyàn, àti fún ìbẹ̀rù ìtọ́jú eyín tàbí iṣẹ́ abẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ́ níhìn-ín kéré sí ìyẹn, ó jẹ́ ìfọkànbalẹ̀ tí a tọ́ sọ́nà láti rántí okun ẹni.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ jókòó bí ó bá ṣe rọ yín lọ́rùn, Màmá. Ẹ lè dijú, ẹ sì lè la ojú; èyí tí ó bá wù yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ kàn gbé ọwọ́ sókè.” Àwọn kan kò ní dijú láéláé níwájú ẹni tí kò bá wọn tan, iṣẹ́ náà kò sì bàjẹ́ nítorí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ojú mọ́ ibì kan lára ògiri.

Ọ̀nà ìwọlé kan tí wọ́n máa ń so mọ́ orúkọ Betty, ìyàwó Erickson, rọrùn púpọ̀. Ẹni náà yóò dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó ń rí, ohun mẹ́ta tí ó ń gbọ́, àti ohun mẹ́ta tí ara rẹ̀ ń mọ̀. Lẹ́yìn náà méjì méjì, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìró ọ̀kadà lójú títì, ìwúwo aṣọ ìró lára, atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ni a ń lò. Bí ẹnìkan bá ń gún nǹkan nínú odó ní ilé kejì, ẹ má bínú sí i, ẹ mú un wọlé: “Ẹ lè jẹ́ kí ìró odó yẹn máa lọ, kí èémí yín sì máa jáde pẹ̀lú rẹ̀.” Ohunkóhun tí ó bá wà nílẹ̀ ni Erickson máa ń lò, títí kan àìgbàgbọ́ ẹni tí ó wá bá a.

Ẹ ní kí ó jẹ́ kí èémí tí ń jáde gùn ju èyí tí ń wọlé lọ. Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń mí jáde. Ẹ wá mú un lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ iṣẹ́, nítorí ibi tí ẹ bá dá sílẹ̀ fún un kò ní gbà á. “Ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí òwúrọ̀ kan ní ọjà, tí láfún gbẹ tí ó sì funfun bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Bóyá ẹ ń gbọ́ ohùn oníbàárà kan tí ń bá yín ná ọjà. Bóyá ọwọ́ yín ti ń bu òṣùwọ̀n kí ẹ tó rò ó. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Kò gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ń sinmi báyìí, ara yín lè máa rántí àwọn nǹkan mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé ẹ kọ́ ọ, bí oorun ṣe máa ń wá fún ọmọdé tí wọ́n pọ̀n.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “ẹ gbọ́dọ̀” nínú gbogbo rẹ̀. “Ó ṣeé ṣe”, “bóyá”, “bí ó bá yá” ni a ń lò, nítorí àgbàlagbà kì í gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé, ọkàn ènìyàn náà kò sì fẹ́ràn kí a fi ipá wọlé sí i. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá rọ̀ jù lọ, ẹ ní kí ó fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá, kí ó lè tún ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn ní alẹ́ láti fi rántí ìfọkànbalẹ̀ náà. Bí ẹ bá mọ ìtàn sọ, ẹ lè fi ìtàn kúkúrú kan kún un, ti ẹnìkan tí ó sọnù tí ó sì fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ọ̀nà padà. Ẹ má túmọ̀ ìtàn náà fún un.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Láti mú un padà, ẹ kà láti oókan dé márùn-ún, kí ohùn yín máa ga díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí ó na ara, kí ó mu omi, kí ó sọ ọjọ́ tí a wà. Ẹ má jẹ́ kí ó gun ọ̀kadà títí ojú rẹ̀ yóò fi dá pátápátá. Bí omijé bá dé lójijì tàbí tí ẹ̀rù bà á, ẹ ní kí ó la ojú, kí ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó dárúkọ ohun tí ó ń rí nínú yàrá, ẹ sì dá a dúró níbẹ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe láéláé ni kí ẹ fi í wá ìrántí tí ó sọnù, tàbí kí ẹ fi í wá ẹni tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà nínú irú ìfọkànsí bẹ́ẹ̀ lè dá ìrántí tí kò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ní àwùjọ wa, ojú tí ènìyàn bá rí nígbà tí ó dijú lè di ẹ̀sùn àjẹ́ lórí ìyá arúgbó kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹni náà bá bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun wo ẹni tí ń ṣe òun, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ yìí kò mọ ìyẹn.

Iṣẹ́ kékeré fún ilé

Erickson ṣe àbẹ̀wò sí obìnrin olówó kan ní Milwaukee tí ó ti dàgbà, tí ó wà lórí àga arọ, tí ó sì ti pa ara rẹ̀ mọ́ inú ilé tí ó ṣókùnkùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà láàyè nínú ilé náà ni àwọn òdòdó kan tí obìnrin náà mọ bí a ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀. Erickson kò sọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ púpọ̀. Ó ní kí ó máa fi ìkòkò òdòdó kan ránṣẹ́ sí ilé gbogbo ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n bá ṣègbéyàwó, tí wọ́n bá ṣàìsàn tàbí tí wọ́n bá ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Ayaba òdòdó náà ni ìwé ìròyìn pè é, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Irú iṣẹ́ tí ẹ ó fún ènìyàn nìyí: kí ó kéré, kí ó wá láti inú ohun tí ẹni náà ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá wa lè kọ́ ọmọbìnrin kan ní àdúgbò bí a ṣe ń yan ẹ̀gẹ́ tí ó dára fún láfún, tàbí kí ó fi ọ̀pọ́n kan ránṣẹ́ sí opó mìíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun ni yóò mú èyí tí yóò ṣe àti ọjọ́ tí yóò ṣe é.

Ìjókòó tí ó tẹ̀lé e

“Kí ni ó ti sàn díẹ̀ láti ìgbà tí a ríra?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni, kì í ṣe “Ṣé ìṣòro yẹn ṣì wà?” Bí ó bá sọ pé kò sí, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ béèrè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, láti Ọjọ́ Ajé, nítorí ohun kékeré máa ń sá pamọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀. Bí nǹkan bá sì burú sí i ní tòótọ́, ẹ béèrè bí ó ṣe ń fara dà á àti ohun tí kò jẹ́ kí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ ikú béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí òkúta wẹ́wẹ́ náà kò tí ì kúrò lójú kan, ẹ kọ lẹ́tà fún dókítà, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ sì bá ẹni náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá ti dé méje tàbí mẹ́jọ lórí òsùwọ̀n, ẹ bi í bí òun bá ṣì fẹ́ máa wá. Ọ̀pọ̀ kò ní dúró de mẹ́wàá kí wọ́n tó padà sí ọjà.